Irin Tí Kò Ní Ihò

“Èyí tí kò ní ihò kankan ni mo fẹ́,” Tshenolo wí, ó sì fi ẹsẹ̀ kan irin pẹlẹbẹ tó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. “Èyí tó bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ẹ má fi ti kékeré oníhò yẹn hàn mí mọ́, Bàbá.”

Bàbá Tjipura jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, ó ń bu magwinya gbígbóná, àkàrà òyìnbó ìlú wọn, jẹ, ó ń fi tíì sìn ín lọ sísàlẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ kankan ò dúró dè. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tún ọkọ̀ aṣálẹ̀ ṣe nílùú Ghanzi, kò sì sí obìnrin kankan tó tíì wá pàṣẹ irú irin tó máa dè sábẹ́ ọkọ̀ fún un.

“Tíṣà,” ó ní, “ta ló kọ́ ẹ nípa irin?”

“Fóònù mi ni.”

“Ṣé fóònù yẹn ti dé ibùdó màlúù bàbá ọkọ ẹ rí?”

Moagi, ọkọ Tshenolo, bú sẹ́rìn-ín níbi tó wà. Òun ò bá tirin lọ rárá. Ríìmù àlọ́ì mẹ́rin kan ló dúró tì, ó ń fọwọ́ pa wọ́n bí ẹni pa ọmọ lórí. Wọ́n fẹ̀, wọ́n sì ń dán débi pé ó ń rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Tshenolo wò ó, inú bí i. Ta ló ń ronú ríìmù dídán lẹ́yìn irú ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kùkùté igi kan la ìkòkò ọ́ìlì píkọ́ọ̀pù Moagi nígbà tó ń gbé dísù lọ fún ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi kànga fún màlúù bàbá rẹ̀. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ọjọ́ kẹta ni àwọn kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà kó igi ìdáná ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lábẹ́ igi ẹ̀gún, ètè rẹ̀ ti bó, omi tó gbé lọ́wọ́ sì ti tán. Ní gbogbo ìgbà yẹn, orí àga ni Tshenolo wà, aṣọ tó wọ̀ lọ síléèwé ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí géètì bá ti dún báyìí, àyà rẹ̀ á já. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sùn wọra.

Ọ̀sán òní ni Moagi sì tún ń lọ. Dísù tó kù níbùdó ò lè kọjá ọ̀la, bàbá rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, sì ti búra pé òun ò ní fi màlúù òun sílẹ̀ wá jókòó sílùú. Kò sí bí Tshenolo ṣe lè ní kí ọkọ rẹ̀ má lọ. Ohun tó kù tó lè ṣe ni kó rí i pé ó padà wá.

“Bàbá, ẹ bá mi fi èyí sí ọkọ̀,” Moagi ní, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ríìmù náà dìde. “Tí mo bá gbé e kọjá, gbogbo Ghanzi á mọ̀ pé èmi ni.”

“Gbogbo Ghanzi á mọ̀. Ẹ̀gún aṣálẹ̀ náà á mọ̀.” Bàbá Tjipura nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó dìde. “Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sọ́hùn-ún, bákan náà ni ẹsẹ̀ wọn ṣe jìnnà síra. Àwọn ló gbẹ́ ipa méjèèjì yẹn sínú iyanrìn. Èyí máa yọ ẹ́ kúrò nínú ipa ni, etí táyà ẹ á wá máa gun kùkùté ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Tó bá sì gbá òkúta, ṣe ló máa sán.” Ó fi ẹsẹ̀ ti àwọn ríìmù onírin dúdú tó wà nílẹ̀. “Tí eléyìí bá tẹ̀, wàá fi òòlù lù ú padà, wàá sì máa bọ̀ nílé.”

“Ó burẹ́wà, Bàbá.”

“Ìwọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà, ìyàwó ẹ sì ń wá ẹ kiri.”

Ẹ̀rín já mọ́ Tshenolo lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. Moagi wo aago, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n de dúdú náà.

“Irin tèmi ńkọ́?” Tshenolo béèrè.

“Mi ò ní de ìyẹn fún yín.”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń tà á?”

“Àwọn tó ń lọ sórí àpáta ní Namibia ni mò ń tà á fún. Wá.”

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Egungun ọkọ̀ kan wà níbẹ̀, ó ti jóná ráúráú, gíláàsì rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Bàbá Tjipura ní kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, bákan náà pẹ̀lú èyí tó fẹ́ rà.

“Ṣé ó fọ́?” Bàbá béèrè.

“Rárá.”

“Ṣé ó tẹ̀?”

“Kò tẹ̀,” Tshenolo dáhùn.

“Ọkọ̀ mi ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi de irin yẹn. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà, bíi tọdún yìí. Koríko tó wà láàárín ipa méjèèjì ga dé àyà ọkọ̀, ó ń já, ó ń wọ orí irin, kò sì ríbi jábọ́. Ó kún, ó gbẹ, ó wá lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà tó gbóná. Mo ń gbóòórùn èéfín, mo rò pé ẹnì kan ló ń dáná nínú igbó. Èmi ni mo ń jó. Kí n tó gbé omi, ọkọ̀ ti lọ.”

Tshenolo fọwọ́ kan irin náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó rò ó pé òun ì bá ti fọwọ́ ara òun ra iná fún ọkọ òun, òun ì bá sì tún máa dúpẹ́.

“Èyí tó ní ihò, ṣé ìyẹn ò ní jó?”

“Ó lè jó. Ọwọ́ la máa ń kì bọ ihò yẹn. Ní kìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ọkọ ẹ dúró, kó dùbúlẹ̀, kó fa koríko jáde. Kò sí irin tó máa bá a ṣe ìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n padà síwájú, Tshenolo ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí Moagi fi dáhùn.

“Màá máa dúró. Màá máa dúró, mo ti gbọ́.”

Ó yá jù. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ó mọ ọkùnrin yìí. Moagi lè mú ìtọ̀ mọ́ra láti Ghanzi dé Maun nítorí pé dídúró á fi àkókò òun ṣòfò.

“Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, ṣé o dúró?”

“Kùkùté ni, Tshenolo. Kí ni mo lè ṣe sí kùkùté?” Ó yíjú sí àwọn garawa dísù, ó ń so okùn tó ti so tẹ́lẹ̀.

Tshenolo rìn lọ, ó rìn bọ̀. Bàbá Tjipura ti de irin oníhò náà tán, ó ń kó sípánà jọ, kí Tshenolo tó sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí koríko ti máa ń wọlé hàn mí.”

“Ìwọ?”

“Èmi.”

Tshenolo tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ dáadáa tó wọ̀. Nígbà tó jáde, gíríìsì ti kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Lorato ọmọ wa á wà lọ́dọ̀ àbúrò mi títí di Mọ́ńdè,” ó sọ fún Moagi. “Mò ń bá ẹ lọ.”

“Ọ̀nà yẹn le.”

“Mo mọ̀. Ìwọ máa wakọ̀. Èmi ni màá máa sọ pé dúró.”

Moagi wo Bàbá Tjipura pé kó gba òun sílẹ̀. Bàbá ti padà sídìí magwinya rẹ̀.

Wọ́n kọjá géètì tí àwọn dókítà màlúù ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní aago kan ààbọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, koríko ni lọ́tùn-ún lósì, ó ń họ abẹ́ ọkọ̀ wàràwàrà. Tshenolo ò gbójú kúrò lára nọ́ńbà kìlómítà.

“Dúró.”

“Jẹ́ ká dé igi ọ̀hún.”

“Moagi, dúró.”

Ó dúró. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lábẹ́ ọkọ̀. Moagi kọ́kọ́ kì ọwọ́ bọ ihò, ó sì yára fà á jáde. Koríko tó mú wá kún ìkúùkù rẹ̀. Ó nà án sí Tshenolo. Ó gbóná bí oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Moagi tún kì ọwọ́ bọ ihò náà.

“Nígbà tí kùkùté yẹn gbá ọkọ̀, mo ṣì ń rí géètì dókítà màlúù yẹn lẹ́yìn mi nínú díńgí. Mo gbọ́ òórùn ọ́ìlì. Mo ní ọkọ̀ á ṣì gbé mi dé ibùdó bẹ́ẹ̀.”

“Ibo lo wá wakọ̀ dé?”

“Títí iná pupa ọ́ìlì fi tàn níwájú mi. Ó tó ogójì kìlómítà.”

Inú bí Tshenolo gan-an: ó yẹ kó ti padà sí géètì náà nígbà yẹn. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ètè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná.

“Fa ìyókù jáde,” ó ní, ó sì ti apá wọnú ihò tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀.