Ìrora Ló Sọ̀rọ̀, Kì í Ṣe Èmi

Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, dókítà mọ́kànlá ló wà nínú agboolé wa ní Ẹnu Ọ̀wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti wo inú mi láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà tí mò ń bù sí gàrí ti pọ̀ jù. Òmíràn ní aràn ni. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ní tí mo bá ti bímọ, yóò lọ. Ó sọ ọ́ bíi pé ọmọ wà lórí àtẹ, tí èmi Hàwáwù kàn ń ṣahun owó tí màá fi rà á ni.

Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà ní Ìdúmàgbò. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni inú yìí ti ń run mí. Bí oṣù bá ti ń bọ̀, á dà bíi pé ẹni méjì di aṣọ olómi mú nísàlẹ̀ ikùn mi, wọ́n ń fún un, ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ dúró de oṣù mọ́. Á gba ẹ̀yìn, á sọ̀ kalẹ̀ sí itan, á wá jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ti fún lóúnjẹ tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun máa lọ.

Olórí àwọn dókítà wa ni Àlàájì Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ta léèsì ní Balógun. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, nítorí náà Adúmáadán ni mò ń pè é. Orúkọ ẹnu nìyẹn. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ikùn, ikùn kan náà tó ní kò dùn mí, ni Àgbá-Òfìfo.

Lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti jókòó kírun.

"Hàwáwù! Aláìsàn ló ń jókòó kírun. Àìsàn wo lò ń ṣe?"

"Inú ló ń run mí, Adúmáadán."

"Inú! Ìyá wa bí mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú lẹ́nu wọn. Dìde, kí Ọlọ́run rí ẹ lórí ìdúró!"

Àlímọ̀t ìyá Bashiru, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé, pàtẹ́wọ́. "Ọ̀lẹ tún ti rí ibi jókòó sí."

Mo dìde. Mo parí ìrun náà lórí ìdúró, òógùn bò mí. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo ohun tí mo sọ nínú ìrun yẹn ló jẹ́ àdúrà.

Ìrora gan-an kọ́ ló burú jù. Bí wọ́n bá ti ń pe èèyàn ní òpùrọ́ fún ọdún gbọọrọ, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Màá dùbúlẹ̀, màá ká bí ọ̀kùn, màá sì máa bi inú mi pé, "Ṣé ìwọ ni, àbí èmi ni mò ń ṣeré?" Ni mo bá kọ́ ẹ̀gàn. Mò ń fi gbogbo wọn ṣẹ̀sín lọ́kàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹni tó ń kẹ́gàn kì í ráyè sunkún.

Mo wá bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo gba ọsibítù lọ. Dókítà Bọ́lánlé, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó rí tínrín, tẹ inú mi, ó bèèrè ọ̀rọ̀, ó sì dúró gbọ́ èsì. Ìyẹn nìkan ti tó oògùn.

"Ìyàwó, ohun kan wà tó yẹ kó máa hù nínú ilé-ọmọ nìkan," ó ní. "Tiyín ti hù síta. Bí oṣù bá dé, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde."

Ó pe orúkọ rẹ̀ lédè Òyìnbó, orúkọ tó gùn bíi rélùwéè. Mo ní kó tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é, mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù kẹ̀! Nǹkan tó lórúkọ ni! Ta ló máa sọ irọ́ lórúkọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀?

"A máa ṣí inú yín, ká ha á kúrò. Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní padà, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ìsinmi. Ọkọ yín, tàbí àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé níbí."

Akọ̀wé ni Síkírù ọkọ mi ní wọ́ọ̀fù. Ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ òkun tó tóbi ju gbogbo Ẹnu Ọ̀wá lọ. Ó kan ìwé tèmi, ọwọ́ rọ.

"Jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ná."

Bọ̀ọ̀dá gbọ́. "Ọ̀lẹ ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ wá nínú ikùn? Síkírù, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i!"

Ọ̀rọ̀ parí. Ìjọba kó gbogbo mọ́tò Nàìjíríà láti òsì sí ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè gbé ẹnu ọkùnrin kan kúrò lórí ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, eéwo yọ sí Àlàájì nídìí.

Yéè! Eéwo kan ṣoṣo, tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Agboolé dojú dé. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gún ata, pé ariwo odó ń ta Àlàájì lára. Wọ́n pa rédíò. Àlímọ̀t di abẹ̀bẹ̀ mú, ó ń fẹ́ ìdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń koná. Àwọn dókítà mọ́kànlá pé, kò sì sí ọ̀kan tó ní irọ́ ni. Àlàájì kò lè jókòó. Ìdúró ló fi ń jẹun, ìdúró ló fi ń kírun. Ọlọ́run rí i lórí ìdúró dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ké pè mí. "Ẹ bá mi pe Hàwáwù! Òun ló mọ̀ nípa ìrora!"

Mo gbé ìgò omi gbígbóná tí mo máa ń dì mọ́ inú lọ bá a. Ó da ikùn délẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọmọ yìí, báwo lo ṣe ń fara dà á?"

"Mi ò fara dà á, Adúmáadán. Ẹ ò kàn wò ni."

Ó bú sẹ́kún. Àgbàlagbà tó fi irùngbọ̀n yẹn ṣe Mẹ́kà! "Dárí jì mí. Bí eléyìí bá ti tú báyìí, Síkírù á fọwọ́ sí ìwé rẹ. Àlímọ̀t, ìwọ lẹlẹ́rìí."

Ó ṣe mí láàánú. Mo tilẹ̀ gba orúkọ ikùn yẹn padà lára rẹ̀.

Eéwo tú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí oòrùn fi máa kàn tàrí, Àlàájì ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó jókòó, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo kúnlẹ̀.

"Adúmáadán, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ ṣèlérí lánàá."

Ó nu ẹnu. "Háà, ìyẹn? Ìrora ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Bí nǹkan bá ń dun èèyàn, kò sí ohun tí kò lè sọ. Àti pé eéwo, àìsàn gidi nìyẹn. Tìrẹ, nǹkan obìnrin ni."

Mo dá orúkọ rẹ̀ padà fún un lójú ẹsẹ̀.

Òṣé kan dún lẹ́yìn mi. Mo yíjú, mo ti múra èébú sílẹ̀, torí Àlímọ̀t ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fẹ́ abẹ̀bẹ̀, apá mi fẹ́ẹ̀ yọ. Ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kí ni mo wá jẹ́ báyìí, ẹlẹ́rìí ìdí yín?"

Síkírù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé e mì.

"Ìyàwó, dìde," Àlímọ̀t ní. "Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ka sí ìwé náà? Àgbà ẹbí lèmi náà."

"Ìyá Bashiru, ṣé ẹ ti gbà mí gbọ́ ni?"

"Ta ló gbà ẹ́ gbọ́? Mi ò tíì gbà ẹ́ gbọ́ o. Irọ́ ti Bọ̀ọ̀dá ló dá mi lójú."

A gbéra. Síkírù gbé báàgì mi tẹ̀lé wa, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Ìdúmàgbò, kò jìnnà sí ìsọ̀ mi, aṣọ olómi yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo ń retí kí Àlímọ̀t sọ pé ọ̀lẹ tún ti rí ibi jókòó sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, ó fa abẹ̀bẹ̀ yọ láti inú ìró.

"Níbo gan-an ló ti ń dùn ẹ́?"

Ọdún mẹ́fà nínú ilé kan, dókítà mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yìí rí. Mo wá èébú kan tí màá fi dá a lóhùn, mi ò rí. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ibẹ̀. Ó le bí igi lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Síkírù!" ó ké. "Kí lo dúró ń wò? Sáré lọ sọ fún dókítà pé à ń bọ̀!"

Síkírù ki eré mọ́lẹ̀. Ó wo ọ̀tún bí a ti ń wò ó látijọ́, mọ́tò sì gba òsì yọ sí i, ó fò padà, báàgì gbá a lójú, awakọ̀ bú bàbá ńlá rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, ó sì dùn mí dé ẹ̀yìn. Bí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, Àlímọ̀t kò sọ pé irọ́ ni. Ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.