Ẹja Tuntun Tí Mo Fẹ́ Ṣe Lálejò

Oṣù márùn-ún gbáko ni ọkọ mi ò fi bá mi wí. Ẹni tí ò mọ̀ wá lè ní kí n yáa dúpẹ́. Èmi Sàdíátù mọ ohun tí ojú mi rí. Ọkùnrin tí mo ti fẹ́ láti ọdún méjìlélógójì, tí mi ò lè gbé ìkòkò kaná kí wọ́n má sọ bó ṣe yẹ kí n gbé e, ni wọ́n wá dákẹ́ nínú ilé wọn bí ayálégbé tí owó ilé rẹ̀ ti pẹ́.

Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì máa ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí a gbé wọn dé láti ọsibítù, ọ̀rẹ́ wọn kan láti mọ́ṣáláṣí béèrè lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo èèyàn pé, "Alájì, ẹ ní kí ni?" Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi, Bàbá Muheez, ti pa ẹnu dé. Orí ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Nọ́ọ̀sì Ọdúnayọ̀, tó ń wá kọ́ wọn lọ́rọ̀ sísọ nílé wa ní Iba, pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Mà, tí Bàbá ò bá sọ̀rọ̀, ohùn yẹn lè má padà o. Ẹ wá nǹkan tó máa jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù ju àìsàn gan-an lọ.

Nǹkan wo? Mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ẹ̀bà tó le bí òkúta kí wọ́n lè bá mi wí, wọ́n jẹ ẹ́ láìwí nǹkan kan. Ibi kan ṣoṣo tí ojú wọn ń lọ ni àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n nígbà tí a fi ń gbé Navy Town. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe àpótí náà, wọ́n po omi oníyọ̀ sínú rẹ̀ bíi ti òkun, wọ́n kó òkúta àti ẹja òkun sí i. Ìgbà tí a wà lọ́sibítù ni iná lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dúró, gbogbo ẹja kú. Láti ìgbà tí a ti padà dé, omi àti òkúta nìkan ni wọ́n ń wò.

Mo bá gba Ajangbadi lọ, sọ́dọ̀ Florence tó ń ta ẹja inú gíláàsì. Mo ra ọ̀kan tó pọ́n bí ọsàn, tó ní ìlà funfun mẹ́ta lára. Florence dì í sínú ọ̀rá olómi, ó sì kìlọ̀ fún mi: "Mummy, ẹ má kàn dà á sínú tank o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rá yẹn léfòó nínú ẹ̀, kí omi méjèèjì lè gbóná bákan náà. Ẹ wá máa kán omi tank sí i small small, bíi wákàtí kan. Tó bá ti wọlé, ẹ pa iná. Ẹ má fún un lóúnjẹ títí di ọ̀la."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Okokomaiko, inú ti ń bí mi. Irú ìmọ̀ràn wo nìyẹn? Àlejò á wọlé, a ò ní fún un lóúnjẹ, a ó tún pa iná mọ́ ọn lórí? Ta ló tọ́ Florence yìí dàgbà gan-an? Èmi tí wọ́n bí ní Ọ̀jọ́, tí ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò jókòó tán kó tó gbé omi àti oúnjẹ síwájú rẹ̀! Mo pinnu pé ẹja yìí ò ní dé ilé mi bí ẹni tó dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí mo ṣe délé, mo tan gbogbo iná pálọ̀ àti ti àpótí. Mo ké pe Ìyá Joshua, ayálégbé wa, kó wá bá mi kí àlejò káàbọ̀. Ó dé tòun ti ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́. Mo gbé agolo oúnjẹ ẹja sítòsí, mo fi àlùmọ́gàjí gé ẹnu ọ̀rá, mo gbé e sókè àpótí. Mo ti ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ilé yín nì—"

"Má dà á!"

Ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá Muheez ti na ọwọ́ òsì sí mi láti orí àga, ojú wọn ti pọ́n. "O fẹ́... o fẹ́ pa á ni? Dì í padà. Jẹ́ kó léfòó."

Ọ̀rọ̀ náà lọ́, ó sì wúwo. Ìyá Joshua ò gbọ́ ọ. Ó bi mí pé, "Bàbá ní kí ni, mà?" Mo ní ó ti parí nìyẹn, wọ́n á tún pa ẹnu dé. Wọ́n wo Ìyá Joshua, wọ́n wo ẹja tó ń mí gúlegúle nínú ọ̀rá, wọ́n sì tún un sọ bí agbára wọn ṣe mọ: "Mo ní kó jẹ́ kó léfòó!"

Mo di ẹnu ọ̀rá, mo jẹ́ kó léfòó. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ní kí n tú ẹja àti omi rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, kí n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi láti inú àpótí, kí n ta rọ́bà náà ní kókó kí omi lè máa kán. Mo ta á, omi ṣì ń sáré. "Fún un." Mo fún un, omi dúró pátápátá. "Dẹ̀ ẹ́. Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, Sàdíátù! Ṣé o ò lójú ni?" Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi bá mi wí. Ìyá Joshua gbàgbé aṣọ tó ń fọ̀. Níkẹyìn, mo fi àwọ̀n kékeré gbé ẹja sínú àpótí, ó sì sá sẹ́yìn òkúta. Mo bá na ọwọ́ sí agolo oúnjẹ.

"Kò tíì fẹ́ oúnjẹ. Pa iná. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, jẹ́ kó sinmi." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi náà, ìgbà tí mo dé láti ọsibítù, o tan iná, o kó èèyàn jọ. Mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn."

Mo pa iná. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìkòkò ìrẹsì ńlá ni mo gbé kaná lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí.

Ọjọ́ méjì ni ẹja náà fi sá pamọ́. Mo ń gbàdúrà fún un bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ìdánwò, torí mo mọ̀ pé tó bá kú, ohùn tó padà yìí lè bá a lọ. Mo wá ń bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣé kí n bu omi kànga sí i? Ṣebí omi kànga wa náà níyọ̀ lẹ́nu? Ṣé kí n fún un ní gààrí? Wọ́n ń bá mi wí, mo ń sọ pé, "Ẹ má bínú, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹja náà jáde, ó ṣa oúnjẹ tí mo wọ́n sómi jẹ. Ọkọ mi kígbe pé, "Ó ń jẹ ẹ́!" Wọ́n fi áńkáṣífù nu ẹ̀gbẹ́ ẹnu, wọ́n sì kọjú sí mi.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lo ṣì í ṣe. Gbogbo ìyókù, o mọ̀ọ́mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ni?"

"O ṣeun, Sàdíátù."

Láti ọdún méjìlélógójì, wọn ò kí mi báyìí rí kí wọ́n má fi "ṣùgbọ́n" tì í lẹ́yìn. Mo dúró, mo ń retí rẹ̀. Kò wá. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹja.