Aṣọ Ìdìsẹ̀ Obed Àjàní

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, Màmá Adéyẹ́misí jókòó sórí àpótí ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ó tẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì sórí itan. Aṣọ ìdìsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, èyí tí Obed Àjàní wé láti kókósẹ̀ dé orúnkún nígbà tó lọ ja ogun àgbáyé kejì ní Bọ́mà. Màmá kò ju ọmọ ọdún méje lọ tí bàbá ti kọ́ ọ: ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wé e lọ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tú.

Lọ́dọọdún, ní irú ọjọ́ Àìkú yìí, ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́nà Mápó a máa pe orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó jagun, ẹbí wọn a sì dìde dáhùn; wọn kì í pe orúkọ kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn lọ́dún méjì tó tẹ̀lé ara wọn, wọn a yọ orúkọ náà kúrò nínú ìwé. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ wíwú kò jẹ́ kí Màmá lọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti kú tán. Samuel, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kánádà.

Ọwọ́ Màmá kò lè kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó pe Bushrah, ayálégbé ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Karimat, jọ̀ọ́, bá mi di ẹsẹ̀ yìí kó lè gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ha, Màmá! Ogun ibo lẹ tún ń lọ? Ẹ má yìnbọn fún wa o!"

Bushrah kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ti orúnkún wé e wá sísàlẹ̀. Màmá rí i pé ó ṣì í. Bushrah ń kánjú lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bí inú bá bí i, ta ni yóò pọnmi fún òun lọ́la?

"O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á wo Karimat fún ọ."

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọjà'ba ni aṣọ ẹsẹ̀ òsì tú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọsẹ̀, ó fara ti ògiri. Ti ọ̀tún náà ń yọ̀ bọ̀.

"Màmá, aṣọ yín ń wọ́lẹ̀ o!" Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ló pariwo bẹ́ẹ̀, kò dúró.

"Jésù, sáà gbé mi dé ẹnu ọ̀nà."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì dún lókè: "Obed Àjàní!"

"Ó wà o! Ọmọ rẹ̀ rèé! Mo ń bọ̀!"

Ariwo fèrè ọkọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Obed Àjàní, ẹ̀ẹ̀kejì!"

Ó tún pariwo. Ẹnì kan tó ń to ọsàn bojú wẹ̀yìn. "Màmá, ta ló ń pè yín?"

"Bàbá mi ni."

Lókè, wọ́n pe orúkọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.