Ìgò Tí Wọ́n Já Gbà

Ìgò mínírà náà ti kan Èyítọ́pẹ́ létè kí Ìyá Ìjọ tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni? Ìwọ tí o ní ìtọ̀ ṣúgà!"

Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá wọn ní àdúgbò Uwasota ni. Àwọn ìyá tó wà nítòsí ń mirí. Èyítọ́pẹ́ fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, òógùn sì ti bò ó. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Kò sí òkèlè tí kì í ṣírò, kò sí ìrìn tí kì í ṣírò. Ó gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó wọn oúnjẹ rẹ̀. Ta ló mọ̀ pé ìwàásù yóò gùn tó báyẹn? Ṣúgà ara rẹ̀ ti já wálẹ̀. Bí kò bá tètè mu nǹkan dídùn, yóò dákú. Oògùn rẹ̀ gan-an ló wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ yẹn.

Ó fi gbogbo agbára tó kù já ìgò náà padà. Mínírà dà sára léèsì obìnrin náà. Èyítọ́pẹ́ ò wojú ẹnikẹ́ni, ó mu ún gbẹ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá rẹ̀ sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí. "Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n."

Èyítọ́pẹ́ gún ìka rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré inú báàgì rẹ̀ tó fi ń wọn ṣúgà ara, ó sì gbé e sókè. Méjìdínláàádọ́ta, ohun tó yẹ kó lé ní àádọ́rin. Ìyá rẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ló dì í mú lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

"Mo ti rí i. Ṣáà kúnlẹ̀."

Pidgin ló máa ń fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ lónìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun ò gbọ́.

"Mi ò ní kúnlẹ̀, Mọ́mì. Ẹ bá mi ra mínírà míì."

Ìyá rẹ̀ yà kúrò láàárín àwọn ìyá, ó gba ìdí kúlà àwọn tó ń ta mínírà lọ.

Èyítọ́pẹ́ fara ti ògiri. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé bí òun ṣe ń mu mínírà yẹn, tí ojú òun ń ṣú, ni òun ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ lọ́kàn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sí dókítà tó kọ ẹ̀bẹ̀ fún un rí bí ẹni kọ oògùn.