Àpótí Sìgá Olókùn Mẹ́rin

Obìnrin aránṣọ kan fi àpótí sìgá ṣe gìtá kékeré fún bàbá rẹ̀, ó ṣi ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, ìbínú ò jẹ́ kó gbọ́.

Rọpárọsẹ̀ mú bàbá rẹ̀ ní apá òsì. Ẹnu bàbá wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń yé ni. Ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ òsì ni kò gbà. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ dídùn, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọwọ́ tí kò bá ríṣẹ́ ṣe á gbàgbé iṣẹ́. Ẹ wá nǹkan tí Bàbá fẹ́ràn, kí wọ́n máa fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tó bá fi pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ìka yìí ò ṣí, ẹ má retí pé wọ́n á ṣí mọ́."

Gìtá ni bàbá fẹ́ràn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọgbọ̀n ọdún náà tí kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gìtá lórí itan. Aránṣọ sáré wọ yàrá lọ gbé e. Ìṣó tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọ nìkan ló bá lára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà, ti tà á.

"Ẹkún ni Bàbá ń sun tí wọ́n bá ti rí i," ni káfíńtà wí. "Ọwọ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi ta á? Mo gbé e kúrò lójú wọn."

"Ṣé ẹ bi wọ́n?"

"Èmi ni àkọ́bí."

"Mi ò béèrè ọjọ́ orí yín. Mo ní ṣé ẹ bi wọ́n."

Káfíńtà gbọn èérún igi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Abẹ́rẹ́, lọ máa rán aṣọ." Láti kékeré ló ti ń pè é ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ínrín, ó sì ń gún èèyàn.

Inú bí obìnrin náà débi pé lọ́jọ́ yẹn, ó rán ọwọ́ aṣọ méjèèjì mọ́ apá kan náà. Ó tú u, ó tún un rán, inú ṣì ń bí i.

Orí fóònù ló ti rí ọkùnrin kan tó ń fi àpótí sìgá ṣe gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní yukulélè. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, okùn rẹ̀ rọ̀. Ọwọ́ tí kò lágbára lè gbá a mú. Bàbá sì ní irú àpótí náà, èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń fa àwọn sìgá ńláńlá tó nípọn bí àtàǹpàkò, ọjọ́ tí bàbá sì fẹ̀yìn tì ló gbé àpótí kan fún un, òfìfo. Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́: ọ̀gá fa sìgá tán, ó fún un ní àpótí. Ìṣó àti nọ́ọ̀tì ni bàbá ń kó sí i. Aránṣọ bi bàbá kó tó da ìṣó náà jáde. Ó ṣe èyí pẹ̀lú ohùn rara, kí ẹni tí kò béèrè lè gbọ́ láti pálọ̀.

Kò gbá ayùn mú rí láyé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kò ju ilé mẹ́rin lọ sí tirẹ̀, ayùn oríṣiríṣi kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun á kú kí òun tó lọ yá a. Ó lọ ra tirẹ̀. Igi àkọ́kọ́ tó gé fún ọrùn là sí méjì. Èkejì wọ́ bí ọ̀kàdà tó bọ́ sí gọ́tà. Ẹ̀kẹta dára, àmọ́ ayùn ti bu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ. Ó gbé agolo bọ́tìnnì lé ìdérí àpótí, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ó sì gé ihò tí ohùn máa gbà jáde. Ó lẹ ọrùn mọ́ àpótí. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò bá a gé sipóòkì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, sí wẹ́wẹ́, méjìlá, tí yóò dábùú ọrùn náà, kí ìka lè máa tẹ okùn mọ́ wọn. Okùn ìpẹja ló fi ṣe okùn.

Ibi àwọn irin wẹ́wẹ́ yẹn ni wàhálà wà. Ẹni inú fóònù ti kọ àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín irin kan àti èkejì: ó fẹ̀ lókè, ó ń dín kù bọ̀ nísàlẹ̀. Aránṣọ dà á kọ sẹ́yìn bébà tó fi ń gé aṣọ. Ṣùgbọ́n aránṣọ kì í gé aṣọ sójú àmì. Ẹni tó bá gé e sójú àmì, aṣọ á fún oníbàárà, oníbàárà á sì bú u. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́, kí ó tún fi díẹ̀ sílẹ̀ fún omi, nítorí aṣọ máa ń sún kì tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ogún ọdún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo igi tútù náà, ó ní ìyẹn náà á sún kì tí gúlù bá gbẹ. Ló bá fi ìnípọn owó onírin kan kún àlàfo kọ̀ọ̀kan, méjèèjìlá. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé e lọ. Káfíńtà ti wà níbẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n bàbá.

"Kí nìyẹn?"

"Ohun tí ẹ tà ni mo wá rọ́pò."

Káfíńtà nu ọwọ́, ó gbà á, ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún. "O gbìyànjú o. Ta ló bá ẹ gé e?"

"Ọwọ́ mi."

Ó ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi ìka tẹ ọ̀kankan. Ó dùn. Bàbá gbé orí sókè, ọṣẹ ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Aránṣọ já gìtá náà gbà, ó gbé e lé bàbá nítan, ó sì to àwọn ìka òsì rẹ̀ yí ọrùn gìtá ká. Bàbá mí kanlẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá, tí kò mira láti oṣù kan ààbọ̀, tẹ okùn. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún sì ta á.

Ohùn tó jáde kọ́ ni bàbá fẹ́. Ó sún ìka sísàlẹ̀. Èyí tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí.

"Bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá. Ẹ tún un tẹ̀."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọrùn gìtá. "Àwọn irin yìí ò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà."

"Mo ti ń retí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wò ó kẹ́ ẹ má rí àléébù."

"Abẹ́rẹ́, ìlara kọ́. Lọ gbé téèpù."

"Mo ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ta ojúlówó ò lẹ́nu láti bú àfọwọ́ṣe."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́. Gbé téèpù wá, ká jọ wọ̀n ọ́n."

"Ìwọ," ni aránṣọ wí. Látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ rí. "Ìwọ, jáde níbí."

Káfíńtà mú abẹ rẹ̀, ó jáde, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ láìfá.

Aránṣọ kọjú sí bàbá. "Gìtá yìí ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ta á. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́."

Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ́tí sí i bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì kúrò, ó sì gbé e lé ikùn ara rẹ̀.

"Ọwọ́ nìkan kọ́," ló wí. "Etí mi náà ti lọ."

Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òwe náà dára, àmọ́ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ilé yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Tí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì á jáde. Ojoojúmọ́ ni aránṣọ ń gbé gìtá náà lé bàbá nítan, ojoojúmọ́ ló ń bá a jà bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé. Bàbá á kàn máa wo ògiri.

Lọ́jọ́ kan, ó ń gé yúnífọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sójú àmì, ọwọ́ rẹ̀ sì fa òmíràn sẹ́yìn rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ilà kejì yẹn títí. Ó tú bébà tó kọ ìwọ̀n gìtá sí síta, ó sì sáré gbé téèpù lọ sílé bàbá. Irin àkọ́kọ́ fi ìnípọn owó onírin kan yẹ̀ kúrò. Irin kejìlá ti yẹ̀ ju ìbú àtàǹpàkò lọ.

Ó gbé gìtá náà padà, ó sì rin ilé mẹ́rin yẹn dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

"Ẹ bá mi yọ wọ́n."

Káfíńtà wò ó. "Mo sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ fún mi."

Káfíńtà fi ọ̀bẹ yọ irin, aránṣọ ń ka ìwọ̀n, wọ́n sì tò ó sójú àmì gan-an. Nígbà tí gúlù gbẹ, káfíńtà tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ síbi tó yẹ. Wọ́n jọ gbé e lọ.

"Bàbá," ni aránṣọ wí, "èmi ni mo ṣi ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n. Etí yín ò ní nǹkan kan rárá. Ẹ gbọ́."

Káfíńtà ta á. Bàbá gbọ́ ọ, ó wo ọmọ rẹ̀ kan, ó wo èkejì.

"Ẹ ti jọ gbìmọ̀," ló wí. "Ẹ lọ tún un ṣe kó lè bá etí mi tó bàjẹ́ mu. Ẹ ṣeun."

"Rárá, Bàbá. Irin ló yẹ̀."

"Ìwọ lo ní mo gbàgbé." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ọmọ tèmi kì í fọ̀rọ̀ dídùn tanni. O ò tíì purọ́ fún mi rí, má bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ó bẹ̀ ẹ́. Káfíńtà bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ajé, òun náà bá a sọ ọ́, ó sì gbìyànjú láti na ìka òsì náà. Oṣù mẹ́ta ti pé, ó ti lé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì ṣí mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ gé èékánná bàbá báyìí, káfíńtà á di ọrùn ọwọ́ mú, aránṣọ á máa fi agbára ká ìka sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá á sì máa wo ògiri títí wọ́n á fi ṣe tán.