Afinimọ̀nà Ìlú Ńlá

"Ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé la ó kọ́kọ́ lọ ni, àbí etíkun?"

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ onídìrí dúró sí tó ti béèrè. Békìrì ló ti sáré wá, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó di bírò mú lọ́wọ́ kan, ó di ìwé mú lọ́wọ́ kejì, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́tà pa lórí.

Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ fi ìyarun la ìlà irun mìíràn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí àdúgbò ló ń dirun fún, ó sì ti dì í dé àárín orí. "Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ohun tí wàá sọ nìyẹn!" Ọkọ kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa ìlà sí i nídìí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọ̀gá fún mi. Ẹ wò ó, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn á dé Ìlú Ńlá, á kàn máa wò bọ̀ọ̀. Tiwa ò ní rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni afinimọ̀nà wa wà. Ọdún méjì gbáko ló gbé níbẹ̀!"

"Ẹ kú oríire," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá ọkọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ. "Ìyàwó wa," ó ní, "láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn dé etíkun, ṣé ẹsẹ̀ mi á lè gbé e? Ìwọ náà mọ̀ pé orúnkún òsì yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́."

"Kò jìnnà rárá, Màmá. Kò ju ìsọ̀kò lọ."

Nọ́ọ̀sì gbé orí sókè. "Ìsọ̀kò kẹ̀? Ta ló sọ òkò ọ̀hún?"

Ọwọ́ onídìrí dúró nínú irun. Nọ́ọ̀sì yìí kò tíì pé oṣù méjì tó ti Ìlú Ńlá dé. Ojú àwọn méjèèjì pàdé nínú dígí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó gbé tirẹ̀ kúrò.

"Bóyá èmi ni mo ṣì í," ó wí jẹ́jẹ́. "Rọra fà á o, ọmọ mi. Orí lò ń dì, kì í ṣe ìgbálẹ̀."

Ọkọ kò gbọ́ ohun mìíràn ju pé kò jìnnà lọ. "Ó tán! A ò nílò mọ́tò nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni màá gbà, ẹsẹ̀ la ó máa fi rìn. Wọ́n ní kí n pe àwọn kó tó di aago mẹ́rin, àti pé bí mo bá ti gbà á, kò sí àyípadà mọ́." Ló bá sáré padà sídìí ààrò rẹ̀.

Ká sòótọ́, onídìrí kò purọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó gbé Ìlú Ńlá fún ọdún méjì lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ mú un lọ kó lè máa bá a tọ́jú ọmọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀lú, gíláàsì mọ́tò ṣú, kò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, láti yàrá ọmọ dé ilé ìdáná ni ìrìnàjò rẹ̀ mọ. Ìlú Ńlá tó mọ̀ kò ju èyí tó hàn lójú fèrèsé ilé ìdáná lọ: ògiri aládùúgbò, okùn ìsáṣọ, àti ológbò aláwọ̀ eérú kan tó máa ń sùn lórí ògiri náà. Bí ọmọ bá sùn, tí ilé dákẹ́, ó máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi lókèèrè, á sì máa fi ọkàn kun òkun ní oríṣiríṣi àwọ̀.

Nígbà tó padà wálé, àwọn èèyàn béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni afárá ibẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Hẹn." Ṣé ó dé etíkun? "Hẹn." Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun gbé ẹ̀bá odò, òun fi itọ́ bọ́jú? Hẹn kan ń bí òmíràn, nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi máa wá tọrọ rẹ̀, hẹn ti di odindi ìlú, ó ti ní òpópónà, ó ti ní iná ojú títì.

Hẹn yìí kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ṣùgbọ́n lónìí, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń na ẹsẹ̀ òsì síwájú, tó ń fi ọwọ́ ra orúnkún, tó ń kọrin sábẹ́ ahọ́n, ó sì rí i pé orúnkún yẹn ni hẹn yìí máa pa lára.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń lọ, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Wákàtí kan ni mo fi jókòó láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé etíkun. Inú bọ́ọ̀sì o."

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Onídìrí bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó mú ọ̀nà békìrì pọ̀n.

Ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì ìpòyẹ̀fun, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má tíì pè wọ́n," ó wí.

"Kí ló dé? Ṣé etíkun lo fẹ́ ká dé sí ni?"

"Mi ò mọ ibi tí etíkun wà."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti ògiri, ó sọ ti okùn ìsáṣọ, ó sọ gbogbo hẹn. Ọkọ rẹ̀ rọra jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ọdún méjì?"

"Ọdún méjì."

"Ológbò?"

"Ológbò aláwọ̀ eérú."

"Kò sẹ́ni tí mi ò fi ọ́ yangàn fún ní békìrì yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Onídìrí kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi."

Ọkọ doríkodò. Ìgbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó gbójú sókè, tó hàn pé ẹ̀rín ni.

"Ṣé o mọ̀ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń dá ojú kọ́ nínú dígí?"

"Ojú wo?"

"Ojú ẹni tí nǹkan kì í yà lẹ́nu. Kí n má baà dójú tì ọ́ láàárín ìgboro. Bí mo bá rí ilé gíga, báyìí ni màá ṣe." Ó pa ojú dé díẹ̀, ó sún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó gbé ewúro mì.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu onídìrí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ojú yẹn jáde. Ọsibítù ni wọ́n máa gbé yín lọ!"

"A lè jọ lanu nígbà náà?"

"Ká jọ lanu kí eṣinṣin wọlé."

Ọkọ fi fóònù sápò, ó fà á dìde, ó sì fi ìwé àti bírò lé e lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ fún màmá o. Kì í ṣe èmi."

Ó sọ fún un. Ìyá ọkọ gbọ́ ọ tán, ó fi eyín já òwú.

"Ológbò ọ̀hún, ṣé ó sanra?"

"Ó sanra, Màmá."

"Ó dáa. Ó kéré tán, o rí ará ìlú kan." Ó nawọ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ta ló wá mọ ọ̀nà báyìí?"

Onídìrí mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ojúlé mẹ́rin péré ló wà láàárín òun àti nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lójú ọ̀nà ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òun ni àwọn èèyàn ń bi léèrè nípa Ìlú Ńlá. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Àbí irun mi kù síbì kan ni?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Rárá, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá júwe Ìlú Ńlá fún mi."

Nọ́ọ̀sì wò ó, kò sì sọ ohun tó lè dójú tì í. Ó fa àga síta fún un. "Níbo ni ká ti mú un?"

"Láti ibùdókọ̀, mà," ni onídìrí wí. "Mi ò mọ ibì kankan." Ó tẹ́ ìwé sórí itan, ó gbé bírò lé e, ó sì ń retí.