Gbogbo Ọ̀jẹ̀wálé Ni Bàbá Mi Ń Pè Lọ́mọ

Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó! Bàbá mi, Ebenezer Ọ̀jẹ̀wálé, gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀wálé, ẹ̀jẹ̀ àwọn ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Likosi, ìlú wa. Ọjọ́ tí Ọ̀jẹ̀wálé kan gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n nílùú òyìnbó, Bàbá ra mínírà fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí wọ́n fi òmíràn jẹ adájọ́, agbádá ni Bàbá wọ̀ ṣúlẹ̀. Dókítà obìnrin kan tún wà tó ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ojú lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́ nílé wa. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó mọ̀ pé a wà láyé.

Ìyẹn ò bí mi nínú. Ti títì ló bí mi nínú. Ìjọba fẹ́ fẹ títì tó lọ sí Ṣàgámù, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa àmì wíwó sára ilé wa. Ilé ṣeé kọ́ síbòmíràn o, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn la sin ìyá wa sí. Èmi àti Táyé àbúrò mi bẹ̀bẹ̀ títí: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé Màmá kúrò, ká lọ sin wọ́n sí Ìpẹ̀rú."

"Dámisọ́lá, kí lorúkọ ẹnjiníà tó ń fẹ títì?"

"Ọ̀jẹ̀wálé ni, sà."

"Ó tán! Ọmọ wa ò ní wó ilé wa."

"Ẹ ò rí i rí, Bàbá!"

Wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan sàréè náà. Ṣé kí n dè wọ́n lókùn ni?

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, katapílà dé. Bí ẹnjiníà ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ìran wa. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Orí mi wú. Háà, mo ní orúkọ ti jẹ́!

Ó dìde. "Bàbá, ará Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀yin gan-an lẹ bí mi, títì yìí ò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ dárí jì mí."

"Ìyàwó mi ń bẹ níbẹ̀ yẹn," ni Bàbá wí.

Ó wo sàréè náà títí. "Màá dá katapílà dúró di ọ̀sán. Ìyókù kọjá agbára mi."

La bá gbé díígà àti ṣọ́bìrì. Sìmẹ́ńtì tí Bàbá fúnra wọn dà sórí sàréè kò fẹ́ fọ́. Ẹnjiníà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bá wa wà á, ọwọ́ gbogbo wa sì bó. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń pè é ní ọmọ mi, wọ́n ń ní kó rọra. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, a ò tíì débi pósí. Fóònù ẹnjiníà dún, ó gbé e. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Ó fa Táyé jáde nínú kòtò, ó fa èmi náà jáde. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe juwọ́ sí katapílà pé kó máa bọ̀.